Ta Ló Gbẹ́ Ẹdùn Àrá?

Òkúta kan ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí. Púpọ̀ nínú yín ti rí i rí: ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó ń dán, ìdí rẹ̀ tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀, ó mú bí ẹnu àáké. Ẹdùn àrá ni à ń pè é. Àwọn baba wa ní Ṣàngó ni í máa sọ ọ́ láti òkè nígbà tí inú bá ń bí i. Bí àrá bá sán lu ilé kan, àwọn Mọ́gbà ni yóò wá hú u jáde nínú ilẹ̀ ibẹ̀, a ó sì gbé e sínú ọpọ́n lórí odó Ṣàngó, a ó máa fi orógbó bọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ òkúta náà wò dáadáa. Bí ẹ bá yí i sí ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ẹ lè rí ilà wẹ́wẹ́ lára rẹ̀, bí irú èyí tí í máa wà lára ọ̀bẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n. Ní ibòmíràn ẹ ó rí ojú àpá, níbi tí a ti fi òkúta mìíràn lù ú tí ara rẹ̀ fi ṣí. Ọwọ́ ènìyàn ló ṣe é. Àáké ni, àáké àwọn tó gbé ilẹ̀ yìí kí ẹnikẹ́ni tó mọ irin í rọ.

Wọn a ṣa òkúta líle, wọn a fi òkúta mìíràn ṣá a díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi jọ àáké. Lẹ́yìn náà wọn a jókòó ti àpáta, wọn a da omi àti iyanrìn sí i, wọn a sì máa lọ̀ ọ́ síwá sẹ́yìn fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ rárá! Nígbà tí ó bá mú tán, wọn a fi igi ṣe èèkù fún un, wọn a sì fi gé igi oko.

Nígbà tí irin dé, àwọn ènìyàn pa àáké òkúta tì, àwọn ọmọ-ọmọ wọn sì gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Òjò ńlá tòun ti àrá a rọ̀, àgbàrá a wọ́ erùpẹ̀ lọ, àgbẹ̀ a jí lọ sóko, a bá òkúta dídán nílẹ̀ níbi tí kò sí nǹkan lánàá. Kí ni ẹ fẹ́ kí ó rò? Àwọn ará Yúróòpù pàápàá rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń fi í pamọ́ sínú ilé kí àrá má bàa sán lù wọ́n. Ní 1723 ni Antoine de Jussieu ní Párísì fi òkúta wọ̀nyí wé àáké òkúta tí a kó wá láti Kánádà àti àwọn erékùṣù Amẹ́ríkà, ó sì sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni. Òótọ́ ni pé mànàmáná lè yọ́ iyanrìn di ohun bí ìgò, tí yóò wọlẹ̀ gbọọrọ bí gbòǹgbò. Ṣùgbọ́n kò lè pọ́n ẹnu àáké.

Ní 1965, Thurstan Shaw, awalẹ̀pìtàn ní Yunifásítì Ìbàdàn, wa ilẹ̀ Ihò Ẹléérú, lẹ́bàá Ìsàrun, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Nísàlẹ̀ ni ó ti bá egungun ènìyàn kan tí ọjọ́ rẹ̀ lé ní 11,000 ọdún. Òkúta wẹ́wẹ́ mímú ni àwọn ènìyàn ìgbà náà ń lò. Ìpele òkè, níbi tí àpáàdì ìkòkò wà, ni àáké tí a lọ̀ wà. Nípa bẹ́ẹ̀ ni a fi mọ̀ pé ó pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn ẹni ìsàlẹ̀ kí àáké dídán tó dé.

Èmi kò bá oníṣàngó jà o. Ẹnu àáké yìí ni àwọn agbẹ́gilére gbẹ́ ní méjì-méjì sórí oṣé Ṣàngó. Ní Brazil àti Kúbà pẹ̀lú, níbi tí a kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ, òkúta àrá ṣì wà ní ojúbọ Ṣàngó. Irinṣẹ́ oko ti di ohun òrìṣà, ìtàn ni ìyẹn náà.

Èyí tí ó ń dùn mí ni èyí tí a gbé sórí àtẹ lọ́jà, tí kò sí ẹni tó mọ oko tí ó ti wá, tàbí ohun tó sùn tì í nínú ilẹ̀. Nítorí náà, bí ọkọ́ yín bá kàn án, ẹ má ṣe sáré hú u. Ẹ wo bí ó ti jìn tó, ẹ wò ó bóyá àpáàdì wà nítòsí, ẹ kọ orúkọ oko náà sílẹ̀, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.