Nígbà Tí Ìdánwò Bá Gbé Aṣọ Ìdáhùn Àdúrà Wọ̀

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, obìnrin kan tó ra bàtà lọ́wọ́ mi fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì mi. ₦15,000 ni iye bàtà náà. ₦150,000 ni mo rí. Ó hàn gbangba pé ó ṣèèṣì fi òdo kan lé e ni. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni onílé wa ń béèrè owó ilé, èmi àti ìyàwó mi sì ti ń gbàdúrà lé e lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé Ọlọ́run ti gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: n kò pe obìnrin náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo sọ fún ara mi pé bó bá béèrè, n ó dá a padà. Nígbà tí yóò fi di Ọjọ́bọ̀, mo ti yọ ₦40,000 nínú rẹ̀ san lára owó ilé. Mo sọ fún ìyàwó mi pé èrè ọjà ni.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rò pé ìdánwò fúnra rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. A dán Jésù pàápàá wò lẹ́yìn ààwẹ̀ ogójì ọjọ́ nínú aginjù, síbẹ̀ kò dẹ́ṣẹ̀. Bí èrò burúkú bá yà sí ọkàn ẹni, ìyẹn kò túmọ̀ sí pé a ti tẹ́ ẹní fún un. Jákọ́bù, ní orí kìíní ìwé rẹ̀, fi ọ̀rọ̀ náà wé oyún: ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ni ìyá, ẹ̀ṣẹ̀ ni ọmọ, ikú sì ni ọmọ-ọmọ.

Yorùbá tún ń pe ìdánwò ní ìdẹwò. Ọ̀rọ̀ yìí a máa rán mi létí ìdẹ tí apẹja fi ń bo ẹnu ìwọ̀. Apẹja kì í fi òkúta dẹ ẹja. Ohun tí ẹja fẹ́ràn ló ń lò. Bí a bá ń retí kí ìdánwò hu ìwo kó tó dé, yóò ti wọlé kí a tó dá a mọ̀.

Ẹ wo Jósẹ́fù nílé Pọ́tífárì. Nígbà tí ìyàwó ọ̀gá rẹ̀ di aṣọ rẹ̀ mú, ó fi aṣọ sílẹ̀, ó sá jáde. Ẹ wá wo Dáfídì lórí òrùlé ààfin. Ó rí obìnrin tó ń wẹ̀, ó dúró, ó wádìí, ó ránṣẹ́ pè é. Lẹ́yìn náà ló ń fi ẹ̀ṣẹ̀ bo ẹ̀ṣẹ̀ títí Ùráyà fi kú. Ẹni tó tètè kúrò níbẹ̀ ló yè.

Ní alẹ́ Sátidé, bí a ti ń gbàdúrà, ìyàwó mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ₦40,000 náà. N kò lè ṣe Àmín. Mo tú gbogbo ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ fún un. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó wá ní, “Ẹ pè é báyìí. Ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá a.”

Mo pè é. Kò tíì mọ̀ rárá pé òun ti fi owó ṣòfò. Mo dá ₦95,000 padà lóru ọjọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi san ₦40,000 yòókù. Owó ilé kò já bọ́ láti ọ̀run. A bẹ onílé, a sì san án díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n mo tún lè ṣe Àmín.

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Mo ti rò pé àìní ni ó la ògiri tèmi. Ní òtítọ́, ìpamọ́ ni. Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì pé Ọlọ́run a máa pèsè ọ̀nà àbáyọ pẹ̀lú ìdánwò. Èmi ń wo òkè fún ọ̀nà náà, nígbà tó jẹ́ pé nọ́ńbà obìnrin náà wà lórí fóònù mi láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ti ṣubú, ìdáríjì wà fún ẹni tó bá jẹ́wọ́. Bí ẹ kò bá sì tíì ṣubú, ẹ wá ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán, kí ẹ sọ ọ́ fún un lónìí, kí oyún náà tó yọ.