Rọ́bọ́ọ̀tì tó ń fojú sọ̀rọ̀: Kí ló kan oníṣòwò Lekki àti Ajah nínú rẹ̀?

Àwọn àgbà ló ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Àwọn tó ń ṣe rọ́bọ́ọ̀tì lókè òkun ti sọ ọ̀rọ̀ yìí di òwò.

Ẹ wo BellaBot, ẹ̀rọ agbóúnjẹ tí iléeṣẹ́ Pudu ní Ṣáínà gbé jáde lọ́dún 2020. Ojú ológbò ló wà lórí rẹ̀, nínú gíláàsì bíi ti tẹlifíṣàn. Bí oníbàárà bá fọwọ́ pa á lórí, ojú ológbò náà á rẹ́rìn-ín. Bí onítọ̀hún kò bá wá fi í sílẹ̀, ojú á le koko, nítorí oúnjẹ ẹlòmíì ń tutù. Ní Japan, iléeṣẹ́ Skylark, tó ní ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ, bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní 2021. Kí 2022 tó parí, wọ́n ti ní bíi 3,000.

Kì í ṣe nǹkan tuntun pátápátá. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, Cynthia Breazeal ṣe Kismet ní MIT, Amẹ́ríkà. Orí lásán ni Kismet, kò lára, kò lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbé etí, ìpéǹpéjú àti ètè. Béèyàn bá sún mọ́ ọn jù, á fà sẹ́yìn.

Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe wàhálà yìí ni pé ẹ̀rọ tí kò fi ohun tó ń ṣe hàn máa ń bí oníbàárà nínú. Ẹni tó lo POS ní Ajah nígbà ọ̀wọ́n owó náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 mọ̀ ọ́n dáadáa. Báǹkì ti yọ owó, ẹ̀rọ kò fọhùn, ọlọ́jà àti oníbàárà wá ń wo ara wọn bí olè. POS kò lójú. Ojú ẹni tó dì í mú ni oníbàárà ń kà.

Nàìjíríà náà ti ní Omeife, tí Uniccon Group fi hàn ní Àbújá ní oṣù Kejìlá, 2022. Ó gbọ́ Yorùbá, Ìgbò àti Háúsá. Ìyẹn dára, àmọ́ èdè nìkan kò tó. Nílẹ̀ wa, ọmọdé tó bá tẹjú mọ́ àgbà, àrífín ni. Ojú tí wọ́n ṣe fún ará Japan lè má bá ìyá àgbà tó wá jẹun ní Lekki lára mu.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń ronú àti ra irú ẹ̀rọ yìí, ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá ẹ lè yí ojú àti ìró rẹ̀ padà, àti wákàtí mélòó ni bátìrì rẹ̀ máa lò bí iná bá lọ.