Justin, Idowu àti Ìbéèrè Ọmọ Kambolé Kan

A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ẹ̀kọ́ lórí Socrate ní kíláàsì Terminale mi ní Sokodé nígbà tí ọmọ Kambolé kan nawọ́ sókè. «Monsieur, ẹ jọ̀wọ́, àwọn baba ńlá wa tí wọ́n kú kí ìhìn Jésù tàbí ti Ànábì tó dé etí wọn, ṣé asán ni gbogbo ọgbọ́n wọn?» Mùsùlùmí ni bàbá rẹ̀, Kátólíìkì ni ìyá rẹ̀. N kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà.

Ìbéèrè náà ti gbó. Justin, tí a bí sí Flavia Neapolis ní ilẹ̀ Palẹ́sítínì, tí wọ́n sì pa ní Róòmù ní nǹkan bí ọdún 165, ti lọ́wọ́ nínú ìmọ̀ àwọn Gíríìkì kí ó tó di onígbàgbọ́. Ó ní irúgbìn Logos ti wà nínú gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó bá fi òye gbé ayé, bíi Socrate, ti jẹ́ ti Kristi kí a tó bí Kristi. Clément ará Alẹkisáńdíríà tọ ọ̀nà tí ó jọ ọ́. Tatien, akẹ́kọ̀ọ́ Justin fúnra rẹ̀, fi ọgbọ́n àwọn Gíríìkì ṣẹ̀sín ní tirẹ̀. Tertullien ará Carthage, ọmọ Áfíríkà bíi tiwa, náà fura sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ṣàì yá nǹkan lọ́wọ́ àwọn Stoïcien.

Logos yìí ni Bíbélì tí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀, tí ó pé ní 1884, pè ní Ọ̀rọ̀. Àwọn Faransé ń ṣe iyèméjì láàárín Verbe àti Parole. Lójú tèmi, tiwa súnmọ́ Gíríìkì jù wọ́n lọ, nítorí ọ̀rọ̀ ni ohun tí a fi ẹnu sọ, ọ̀rọ̀ náà sì ni ohun tí ó wà nílẹ̀ tí a ń yanjú.

Kwame Bediako, ọmọ Gánà (1945–2008), ẹni tí ó kọ́kọ́ kẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ Faransé ní Bordeaux, gbé ìwé Theology and Identity jáde ní 1992. Ó fi àwọn onígbàgbọ́ ọ̀rúndún kejì wọ̀nyí wé àwọn ará Áfíríkà òde òní, Bọ́lájí Ìdòwú sì wà lára wọn. Nínú ìwé rẹ̀ Olódùmarè, ti 1962, Ìdòwú, tí í ṣe àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì, sọ pé Yorùbá ti mọ Ọlọ́run kí òyìnbó tó dé, àti pé ìránṣẹ́ Olódùmarè ni àwọn òrìṣà.

Ibí ni ó yẹ kí a ti ṣọ́ra. Àwọn onímọ̀ ni Justin yìn, kò yin àwọn òrìṣà Gíríìkì. Daimones, ẹ̀mí búburú, ni ó pè wọ́n. Ẹni tí ó bá fi Justin gbèjà òrìṣà ń gbé e lọ síbi tí kò bá wa dé.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ daimon náà fúnra rẹ̀. Láyé Socrate, kò túmọ̀ sí ibi. Socrate ń sọ pé ohùn kan irú bẹ́ẹ̀ a máa dá òun dúró bí òun bá fẹ́ ṣìṣe. Àwọn onígbàgbọ́ ni wọ́n sọ ọ́ di orúkọ burúkú. Ohun kan náà ni ó ṣẹlẹ̀ sí Èṣù wa, tí ó ń gbé ẹbọ lọ sọ́run, tí Bíbélì Yorùbá sì fi orúkọ rẹ̀ pe Sátánì. Ìdòwú kò gba ìtumọ̀ yìí. Èmi náà kò gbà á, bí mo tilẹ̀ ń lọ sí máàsì ní ọjọọjọ́ Ìsinmi.

Mo padà sí kíláàsì, mo sì ròyìn gbogbo rẹ̀. Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀, ó tún bi mí pé: «Ta wá ni Socrate tiwa, Monsieur?» Mo ní kò kọ ìwé kankan sílẹ̀, Socrate pàápàá kò kọ̀wé. Ó ní bí ìsinmi bá dé, òun yóò bi ìyá ìyá òun ní Kambolé. Màmá àgbà náà kò gbọ́ Faransé, ọmọ náà kò sì tíì kọ ọ̀rọ̀ kan rí ní èdè tí wọn yóò fi sọ̀rọ̀. A ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá ní ọ̀sán Wẹ́sídeè, àwa mẹ́fà.