Owó Ìyàwó Nínú Ẹjọ́ Gbèsè Ọkọ: Bí Òfin Amẹ́ríkà Ṣe Ń Ṣírò Rẹ̀

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá ti wọko gbèsè lè lọ sí ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀, kó ní apá òun ò ká a mọ́. Ọ̀nà méjì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà. Chapter 7 ló yá jù: láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́rin, ilé-ẹjọ́ lè pa gbèsè káàdì, gbèsè ilé-ìwòsàn àti irú wọn rẹ́. Ní ti Chapter 13, onígbèsè á máa san ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ gbé fún ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kí wọ́n tó dárí ìyókù jì í. Òfin kan tí Ààrẹ George W. Bush buwọ́ lù ló sọ ọ́ di dandan, láti 17 October 2005, pé kí wọ́n yẹ owó tó ń wọlé fún ìdílé wò kí ọ̀pọ̀ èèyàn tó rí Chapter 7 gbà. Níbi àyẹ̀wò yìí ni owó ìyàwó ti ń wọ ọ̀rọ̀ ọkọ, tí owó ọkọ náà sì ń wọ ti ìyàwó.

Ọkọ lè dá nìkan pe ẹjọ́ o, kí ìyàwó má fọwọ́ kan ìwé kankan. Síbẹ̀, bí wọ́n bá jọ ń gbé, owó tó ń wọlé fún ìyàwó gbọ́dọ̀ hàn nínú ìṣirò, bí kò tilẹ̀ mọ ìgbà tí wọ́n jẹ gbèsè náà.

Oṣù mẹ́fà gbáko tó ṣáájú oṣù tí wọ́n pe ẹjọ́ ni òfin ń kà, owó kí wọ́n tó yọ owó orí sì ni. Ẹ jẹ́ ká fi tọkọtaya kan ní Houston ṣe àpẹẹrẹ. $3,000 ló ń wọlé fún ọkọ lóṣù. Ìyàwó ń ṣe CNA (olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì), ó ń gba $2,800. Ó forí ṣe fọrùn ṣe, ó yege nínú ìdánwò ìwé-àṣẹ nọ́ọ̀sì, NCLEX, ó di RN (nọ́ọ̀sì tó ní ìwé-àṣẹ), láti June owó rẹ̀ di $6,400. Bí ọkọ bá pe ẹjọ́ ní June, December sí May ni wọn yóò kà: owó àwọn méjèèjì á jẹ́ $5,800 lóṣù, ìyẹn $69,600 lọ́dún. Bó bá di September, oṣù mẹ́ta owó CNA àti mẹ́ta owó RN ló máa wọ ìṣirò, àpapọ̀ ọdún á di $91,200. Bó bá di December, ó di $112,800. Gbèsè kan náà ni, ìdílé kan náà ni. Oṣù tí wọ́n pe ẹjọ́ ló yàtọ̀.

Iye yìí ni wọn yóò gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó agbedeméjì ìpínlẹ̀ wọn. Bí a bá to àwọn ìdílé tí wọ́n pọ̀ tó tiwọn láti orí ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù dé orí ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù, owó ìdílé tó wà láàárín gan-an là ń wí. Ojú-ewé U.S. Trustee Program, ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó irú ẹjọ́ yìí, lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Bí owó ìdílé kò bá kọjá rẹ̀, wọ́n ti yege àyẹ̀wò yìí. Bó bá kọjá, ọ̀rọ̀ ò tíì bàjẹ́: wọ́n á yọ owó ilé, oúnjẹ, owó orí, ọkọ̀ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó pinnu. Owó Social Security kì í wọ ìṣirò yìí rárá, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí gbèsè òwò bá pọ̀ ju gbèsè ìnáwó ara rẹ̀ àti ìdílé lọ lọ́rùn rẹ̀ kò sí lábẹ́ àyẹ̀wò náà.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ká sáré pe ẹjọ́ kí owó tuntun tó dé ti parí ọ̀rọ̀. Schedule I, ọ̀kan lára àwọn fọ́ọ̀mù ẹjọ́ náà, ń béèrè owó tó ń wọlé báyìí, ó sì ń béèrè bóyá ẹ ń retí kó lé tàbí kó dín láàárín ọdún kan. Adájọ́ lè tìtorí ìyẹn kọ Chapter 7.

Ibi tí mo fẹ́ kí àwọn ará wa fetí sí jù nìyí. Owó ìyàwó tí kò bá wọ inú ìnáwó ilé ṣeé yọ. Fọ́ọ̀mù 122A-2, tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò náà, fi àyè sílẹ̀ fún un, ó sì dárúkọ irú rẹ̀: gbèsè owó orí tí ìyàwó ń san fúnra rẹ̀, àti owó tó fi ń gbọ́ bùkátà ẹni tí kì í ṣe ara àwọn tí ọkọ ń bọ́. Bí ìyàwó bá ń fi $500 ránṣẹ́ lóṣooṣù sí ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ṣeé kọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni wọ́n ń béèrè. Owó tí a fi rán ẹni tó ń lọ sílé, láìsí rìsíìtì, agbára káká ni yóò fi dúró níwájú alábòójútó ẹjọ́ (trustee). Ó máa ń dùn mí pé inú rere tí a ń ṣe lóṣooṣù ni a kì í ní ìwé fún.

Tọkọtaya tó bá ti pínyà ní tòótọ́, tí kálukú ń gbé ibi tirẹ̀, kò ní ka owó ara wọn, àyàfi èyí tí ọ̀kan ń fún èkejì. Ìpínyà orí ìwé lásán kò ṣeé dán wò: irọ́ nínú ẹjọ́ yìí lè di ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún.

Ní Texas, California àti ìpínlẹ̀ méje mìíràn, ohun tí tọkọtaya bá kó jọ nínú ìgbéyàwó sábà máa ń jẹ́ ti àwọn méjèèjì, nítorí náà dúkìá tó wà lórúkọ ìyàwó náà lè wọ ẹjọ́. Nínú Chapter 13 ẹ̀wẹ̀, ìdílé tí owó rẹ̀ bá kọjá agbedeméjì ń san fún ọdún márùn-ún dípò mẹ́ta, bí owó bá sì tún lé lẹ́yìn náà, alábòójútó ẹjọ́ lè ní kí ilé-ẹjọ́ fi kún ohun tí wọ́n ń san.

Owó ìforúkọsílẹ̀ Chapter 7 jẹ́ $338, ti Chapter 13 jẹ́ $313. Kí ẹ tó san èyíkéyìí, ẹ kó ìwé owó oṣù mẹ́fà ti àwọn méjèèjì àti rìsíìtì gbogbo owó tí ẹ fi ránṣẹ́ sílé jọ, kí ẹ gbé e lọ bá agbẹjọ́rò tó mọ òfin ìpínlẹ̀ yín, kí ìyàwó sì bá ọkọ lọ.