Rélùwéè ìṣeré àtijọ́: ẹ má tíì kì í bọ iná!

Rélùwéè kò gba Àkúrẹ́ kọjá, kò sì gba Oǹdó, ṣùgbọ́n ti ìṣeré wà nínú àpótí àwọn kan tí òbí wọn ti òkè òkun dé. Àbúrò kan ní Oǹdó fi iná àmì rélùwéè Lionel rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ní Àkúrẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti kú."

Kò kú. Ìpẹtà ló bo ibi tí wáyà ti kan irin. Mo fi pépà tí káfíńtà fi ń ha pákó ha á díẹ̀díẹ̀, mo pààrọ̀ gílóòbù rẹ̀, ó tàn.

Ibi tó léwu nìyí. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti dá Lionel sílẹ̀ lọ́dún 1900, iná ibẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi fóòtì 120. Tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Ẹ bá ki tiransifọ́mà rẹ̀ bọ ògiri tààrà, èéfín lẹ máa rí. Ẹ fi step-down sáàárín, kí wáàtì rẹ̀ ju ti tiransifọ́mà náà lọ. Wáyà tí rọ́bà rẹ̀ bá ti sán, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ ẹ̀.

Mo dá a padà fún un pẹ̀lú fídíò bí mo ṣe tún un ṣe. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn: ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tún ṣe kò ní jù ú nù.