Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ṣé South Park yẹ fún ọmọdé?

Ẹ̀yin òbí, kì í ṣe gbogbo kàtúùnù ló wà fún ọmọdé. Ẹ wo South Park, tí Trey Parker àti Matt Stone gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1997. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mẹ́rin ni olú ẹ̀dá ìtàn rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń rò pé eré ọmọdé ni.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí:

• Èébú àti ìsọkúsọ
• Ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀
• Ẹ̀jẹ̀ àti ikú
• Ẹ̀fẹ̀ lórí ẹ̀sìn, òṣèlú àti ẹ̀yà. Àgbàlagbà lè rí ìbáwí tó wà lábẹ́ ẹ̀fẹ̀ náà. Èébú lásán lọmọdé máa gbọ́, òun náà ló sì máa lọ sọ níléèwé.

Bí eré bá bẹ̀rẹ̀, ẹ wá àmì tó ń sọ irú ẹni tó wà fún. TV-Y wà fún gbogbo ọmọdé. TV-MA, tí South Park gbà, wà fún àgbàlagbà. Ó lè má yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17.

Ẹ kọ́kọ́ wo apá kan eré náà fúnra yín kí ọmọ tó wò ó. Bọ́mọ bá ti wò ó ṣáájú, ẹ má fi igbe bẹ̀rẹ̀: ẹ bi í léèrè ohun tó yé e, kí ẹ sì tọ́ ọ sọ́nà.