Ọmọ Tó Ń Kọ́ Bí Wọ́n Ṣe Ń Fi Kọ̀ǹpútà Ya Ilé: Níbo Ni Yóò Ti Rí Ohun Ìdánrawò?

Ọ̀pọ̀ òbí ló ń náwó kí ọmọ wọn lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ya ilé tí wọn kò tíì kọ́, débi tí onílé yóò fi rí ògiri, ọ̀dà, àga àti ìtànṣán oòrùn inú rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ti kọ́ ọ tán. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹ̀kọ́, kì í sí ẹni tí yóò gbé pílánù fún ọmọ náà. Bí oníbàárà bá wá ní, "Mú iṣẹ́ tí o ti ṣe wá kí n wò," ọwọ́ òfo ni. Àwọn kan a sì gbé àwòrán oníṣẹ́ ẹlòmíràn kalẹ̀ bíi tiwọn. Irọ́ nìyẹn, kì í sì í pẹ́ tú: lọ́jọ́ tí oníbàárà bá ní kí wọ́n sún fèrèsé kan sẹ́yìn, àṣírí dé.

Bẹ́ẹ̀, ohun ìdánrawò pọ̀ nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Èkíní ni ilé tí ẹ ń gbé. Kí ọmọ mú tépù bíríkìlà, kí ó wọn pálọ̀: gígùn, ìbú, gíga, ìlẹ̀kùn, àti bí fèrèsé ṣe ga sí ilẹ̀. Kí ó yà á sórí kọ̀ǹpútà, kí ó fi fóònù ya fọ́tò pálọ̀ náà, kí ó sì gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ wọn bá ti yàtọ̀ ni ẹ̀kọ́ wà.

Èkejì ni àwọn ilé àtijọ́ wa. Ẹ wo Mọ́sálásí Shitta-Bey ní Èkó, tí wọ́n ṣí ní 1894. Mọlémọlé ọmọ Àgùdà, João Baptista da Costa, ló kọ́ ọ. Ẹni tó bá lè ya irú ọ̀nà tí àwọn Àgùdà máa ń ṣe sára ilé, ògiri gbọọrọ lásán kò ní dà á láàmú mọ́. Ẹ kàn rí i pé ọmọ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn alámòójútó kó tó fa tépù.

Ẹ̀kẹta ni pílánù tí ìwọ̀n wà lára rẹ̀. Láti 1933 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ń wọn àwọn ilé àtijọ́ wọn, tí wọ́n sì ń ya pílánù wọn. Wọ́n ń pe àkójọ náà ní HABS, ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Library of Congress. Ilé Robie ní Chicago, iṣẹ́ Frank Lloyd Wright, wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ẹsẹ̀ bàtà kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30.48. Kí ọmọ tún ìwọ̀n kọ̀ǹpútà rẹ̀ tò kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni irinṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni Blender. Kò sídìí láti lo ayédèrú sọ́fítíwìà. Poly Haven àti ambientCG ní àwòrán pákó, òkúta àti ojú ọ̀run tí àwọn tó ni ín ti yọ̀ǹda pátápátá, kódà fún iṣẹ́ tí wọn yóò gbowó lé. Sketchfab yàtọ̀: ohun kọ̀ọ̀kan ló ní àdéhùn tirẹ̀. Bí wọ́n bá kọ CC BY sí i, dandan ni kí a dárúkọ ẹni tó ṣe é. Nítorí dátà, 1K tàbí 2K tó fún ìdánrawò. Kó fi 8K sílẹ̀.

Bí iṣẹ́ bá parí, kí ọmọ kọ "ìdánrawò" sí i lára, kí ó sì dárúkọ ẹni tó ya pílánù ilé náà. Àmáná ni, kò sì dín iyì rẹ̀ kù.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má tíì bèèrè owó lọ́wọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ bèèrè yàrá kan péré tó ti yà parí. Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí i.